Bí Mo Ṣe Kó Iṣẹ́ Mi Kúrò Lórí Windows Lọ Sórí Mac Mini

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àti, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé kíkà tí olùkọ́ kan kọ tí ó sì fẹ́ kí a bá òun to ojú ewé rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà Windows ni mo ti ń fi ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, irú èyí tó tóbi tí a máa ń gbé sábẹ́ tábìlì. Kò tíì bàjẹ́ nígbà tí mo yí kúrò lórí rẹ̀. Ohun tó lé mi kúrò ni pé Microsoft kéde pé ìtọ́jú Windows 10 yóò dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 tí wọ́n sì ní kí a lọ bá kò gba kọ̀ǹpútà tèmi wọlé. Ó ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè pé bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti Intel, kí ó jẹ́ ìran kẹjọ ó kéré tán. Ìran kẹrin ni tèmi. Àwọn kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń gbé Windows 11 sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, èmi tí fláàṣì oníbàárà ń wọ inú kọ̀ǹpútà mi láti àárọ̀ títí di alẹ́ kò sì lè máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò dí ihò ara rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ti hàn pé mo gbọ́dọ̀ ra òmíràn, iná ni mo kọ́kọ́ rò, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá yára bí àṣá, kò wúlò fún ẹni tí kò rí ohun tí yóò fi tàn án. Láàpútọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi sá lọ bá nítorí bátìrì inú rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń to ojú ewé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nílò mọ́nítọ̀ tó fẹ̀, kí ojú ewé méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó sì tún rí ọ̀rọ̀ inú wọn kà, irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti wà lórí tábìlì mi, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù àti mouse tí kò ní àbùkù kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe Mac mini, kọ̀ǹpútà kékeré ti Apple, fún. Láti oṣù Kìíní ọdún 2005 tí Steve Jobs ti kọ́kọ́ gbé e jáde ni wọ́n ti ń tà á láìsí mọ́nítọ̀, láìsí kíbọ́ọ̀dù, láìsí mouse. Àwọn tó ti ní Windows nílé ni wọ́n ń pè pé kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà tiwọn, kí wọ́n sì so èyí mọ́ àwọn ohun èlò tó ti wà nílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi M1, ọpọlọ tí wọ́n ṣe fúnra wọn, rọ́pò ti Intel nínú rẹ̀, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iná tí mò ń sọ yìí sì ti yí padà pátápátá.

Owó ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 599 ni Apple fi bẹ̀rẹ̀ Mac mini tó ní ọpọlọ M4, tó jáde ní ọdún 2024. Apple kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà iye tí a ń rà á níbí sinmi lórí bí dọ́là ṣe rí nígbà tí ọjà wọlé àti èrè tí ẹni tó kó o wọlé fẹ́ jẹ. Mo ṣírò rẹ̀, mo sì rí i pé tòkunbọ̀ ni agbára mi ká: M1 tó ní RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 16 GB. Wọ́n gbé oní-8 GB wá, owó rẹ̀ sì dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n n kò gbà á, nítorí pé a kò lè fi RAM kún Mac mini tó ní ọpọlọ Apple lẹ́yìn tí a bá ti rà á. Ọpọlọ náà ni wọ́n so ó mọ́. Àṣà wa pé kí a ra kọ̀ǹpútà kékeré lónìí, bí owó bá yọ lọ́la kí a fi RAM kún un, kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹni tó bá ra 8 GB máa lò títí ayé ẹ̀rọ náà nìyẹn.

Rírà tòkunbọ̀ Mac ní ọgbọ́n tirẹ̀, n ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti lè wọmi. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ lórí rẹ̀, ọmọ tó mọ iṣẹ́ yóò nu inú rẹ̀, yóò gbé Windows tuntun lé e, ọ̀rọ̀ parí. Mac tó ní ọpọlọ Apple kò gba ìyẹn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti tan Find My, ètò tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rọ tó sọnù, lórí rẹ̀, ìtìpa kan tí wọ́n ń pè ní Activation Lock yóò wà níbẹ̀ bí a tilẹ̀ nu kọ̀ǹpútà náà mọ́ tónítóní, kì í sì í ṣe ohun tí àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà lè já. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé kan rí lókè òkun, tí wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple pé àwọn ni yóò máa darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọn kò bá yọ orúkọ yẹn kúrò, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ lórí nígbàkigbà.

Nígbà tí mo lọ rà á, mo tan hotspot fóònù mi, mo sì bẹ ọmọkùnrin tó ń tà á pé kí ó nu ẹ̀rọ náà lójú mi, kí a jọ bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti ìpilẹ̀ títí tí yóò fi gbé wa dé ibi tí ènìyàn ti lè ṣiṣẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ gbé síwájú mi béèrè orílẹ̀-èdè, ó béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, a fún un. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e kọ “Remote Management” gàdàgbà, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí àwa méjèèjì kò gbọ́ rí. Ọmọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, àwa náà ò mọ̀,” ó dì í padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ó sì gbé òmíràn wá, èyí tó la gbogbo rẹ̀ kọjá. Ẹni tí wọ́n bá kàn tan kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ fún, tí wọ́n ń fi àwòrán òkè àti òkun hàn án, kò lè rí ojú ewé yẹn àfi nígbà tó bá délé.

Mo wá dé orí iná. Àkọsílẹ̀ Apple sọ pé Mac mini M1 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 7 nígbà tó bá jókòó láìṣe nǹkan kan, bí ó bá sì lo gbogbo agbára rẹ̀ dé òpin, wáàtì 39 ni. Wáàtì 300 ni wọ́n kọ sára àpótí iná inú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára àpótí iná kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ń jẹ ní gbogbo ìgbà, ibi tó lè dé ni. Ṣùgbọ́n ínfátà mi kò nílò àlàyé kankan. Ínfátà kékeré ni, bátìrì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, páànẹ́lì tó ń gba oòrùn sí i sì wà lórí páànù ṣọ́ọ̀bù. Nígbà ayé Windows, bí iná ọba bá lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó dé àtàrí ni ínfátà náà ti ń ké, tí ọmọṣẹ́ mi yóò dìde lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀, tí òórùn epo yóò sì gba ibi tí àwọn oníbàárà jókòó sí. Nísinsìnyí a lè ṣiṣẹ́ kan ilẹ̀ ṣíṣú ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Epo bẹntiróò tí a kò rà mọ́ ni mo kà sí èrè àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ yìí jẹ fún mi, ìyára rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ohun tí n kò retí ni pé mọ́nítọ̀ mi ló wá di wọ̀bìà: òun nìkan ń jẹ ju kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ lọ. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, mo sì ṣètò pé kí ó máa pa ara rẹ̀ bí a bá dìde kúrò nídìí rẹ̀.

Mac mini kò ní bátìrì, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń ti orí láàpútọ́ọ̀pù bọ̀ mọ èyí kí ó tó náwó. Ínfátà tèmi máa ń lọ́ra díẹ̀ kí ó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ọba, ìlọ́ra ìṣẹ́jú àáyá yẹn sì tó láti pa kọ̀ǹpútà lójú iṣẹ́. Nítorí náà n kò ta UPS mi àtijọ́. Ẹrù tí ó ń gbé ti fúyẹ́ débi pé bátìrì rẹ̀ tí kò lè gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ mọ́ ti wá tó fún ohun tí a nílò. Nínú System Settings, lábẹ́ Energy, ẹ ó rí ibi tí a ti lè sọ fún Mac náà pé bí iná bá lọ tó sì dé, kí ó tan ara rẹ̀ padà. Mo fi sílẹ̀ láìtàn, nítorí iná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládùúgbò wa máa ń wá pẹ̀lú ìbínú, ó sì sàn kí gbogbo nǹkan sinmi títí yóò fi balẹ̀.

Nípa síso ó mọ́ àwọn ohun èlò àtijọ́, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. M1 ní ihò USB onígun mẹ́rin méjì lẹ́yìn, ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù àti mouse wọ̀ sí. Mọ́nítọ̀ mi kò ní HDMI, VGA nìkan ló ní, nítorí náà mo ra ohun tí a fi ń so HDMI mọ́ VGA. Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò mú lójú bí ó ti mú lórí Windows, kì í sì í ṣe ojú mi ló ń tàn mí jẹ: láti ọdún 2018 ni Apple ti yọ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mú etí lẹ́tà dán lórí mọ́nítọ̀ tí àwọn àmì kéékèèké tó ń ya àwòrán rẹ̀ kò pọ̀ kúrò nínú macOS, ètò tó ń darí Mac, nítorí àwọn mọ́nítọ̀ tó mọ́lẹ̀ kedere tí wọ́n ń tà ni wọ́n ń rò. Ẹni tó ń wo lẹ́tà kéékèèké lójoojúmọ́ yóò rí i. Mo wá mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan tó ní HDMI nígbà tó yá, ó sì dára sí i.

Ọwọ́ ló le jù láti yí padà. Gbogbo ohun tí ìka kékeré ọwọ́ òsì fi Ctrl ṣe lórí Windows, àtàǹpàkò ló ń fi Command ṣe é lórí Mac: ẹ̀dà mímú, lílẹ̀ mọ́lẹ̀, fífi iṣẹ́ pamọ́, ìtẹ̀jáde. Lórí kíbọ́ọ̀dù Windows tí a so mọ́ Mac, bọ́tìnì tó ní àmì Windows ló di Command, Alt sì di Option, tí ipò wọn sì wá yàtọ̀ sí ti kíbọ́ọ̀dù Apple. A lè pààrọ̀ wọn nínú ètò Keyboard, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí Command lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì gígùn tí a fi ń pín ọ̀rọ̀ níyà. Enter kì í ṣí fáìlì. Orúkọ fáìlì ló ń ṣí fún àtúnkọ, ọmọṣẹ́ mi sì ti tipa bẹ́ẹ̀ sọ ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan di “l” kí a tó mọ̀ ibi tó gbà. Bí a bá fẹ́ gbé fáìlì láti àpò kan sí òmíràn, kò sí gígé; ẹ ó mú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú Command àti C, bí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó tẹ Command, Option àti V, yóò sì kúrò lọ́hùn-ún wá síhìn-ín. Bọ́tìnì pupa tó wà ní igun òsì òkè ń ti fèrèsé nìkan, kì í sábà pa ètò náà. Èyí ló rú ọmọṣẹ́ mi lójú pẹ́ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó pè mí pé, “Ọ̀gá, mo ti pa gbogbo nǹkan, àmọ́ àmì dúdú kéékèèké ṣì wà lábẹ́ wọn.” Mo sọ fún un pé gbogbo èyí tó bá ní àmì yẹn lábẹ́ nínú Dock, ìlà àwọn ètò tó wà nísàlẹ̀ mọ́nítọ̀, ṣì wà láàyè, Command àti Q ló ń pa á. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Fún iṣẹ́ tèmi, ibi tí Mac ti san owó rẹ̀ padà ni àmì ohùn. Ìlú tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859 ni a wà yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìpè tó ń jáde nínú rẹ̀ lónìí ni kò ní àmì kan ṣoṣo lórí, nítorí pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò mọ ibi tí yóò ti rí i. Bí ẹ bá di lẹ́tà o mọ́lẹ̀ lórí Mac, yóò gbé ò, ó àti àwọn mìíràn jáde fún yín láti yàn, ṣùgbọ́n kò ní gbé ọ jáde, nítorí náà ọ̀nà yẹn kò tó fún Yorùbá. Èyí tó tó ni kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní ABC – Extended, tó ti wà nínú macOS láìsan kọ́bọ̀. Ẹ ó fi kún un láti inú ètò Keyboard, ní ibi Input Sources. Bí a bá ti yàn án, Option àti x, lẹ́yìn náà o, ń fún wa ní ọ; pẹ̀lú e ó fún wa ní ẹ, pẹ̀lú s ó fún wa ní ṣ. Option àti e ni àmì ohùn òkè, kí a tó tẹ lẹ́tà náà. Option àti bọ́tìnì àmì ìsàlẹ̀ (`) tó wà lókè Tab ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá ti ní ẹsẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ, tẹ́lẹ̀, tí a sì fẹ́ gbé àmì lé e lórí, a ó kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó wá fi Shift kún Option àti e, tàbí kún Option àti àmì ìsàlẹ̀, àmì náà yóò sì gun orí lẹ́tà tó ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣe é. Láti tẹ ọ̀pọ̀lọ́: Option-x, o, Shift-Option-àmì ìsàlẹ̀, p, bákan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, l, Option-x, o, Shift-Option-e. Nígbà tí a bá kà á sókè, ó dà bí iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọṣẹ́ mi ti yá lórí rẹ̀ débi pé kì í wo kíbọ́ọ̀dù mọ́. Windows náà ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò sì ń gbádùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ti Mac ni pé ipò àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò yí padà rárá. Ẹni tó ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì lápá kan ìwé àti Yorùbá lápá kejì, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìsìn ìjọ wa ti máa ń rí, kò ní láti máa pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù láàárín ìlà. Fọ́ńtì nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Àwọn kan máa ń gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń gbé e síbi tó yẹ, wọn kò sì gba owó.

Àmì ohùn yìí kan náà ló fa wàhálà inú àwọn fáìlì àtijọ́. Láyé ìgbà kan, a máa ń lo àwọn fọ́ńtì tí ẹnì kan ti jókòó fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò àwọn àmì mìíràn nínú wọn, tó fi jẹ́ pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú ń rí, àmì ìṣirò tàbí ti akọ́mọ́ ni kọ̀ǹpútà mọ̀ pé a tẹ̀. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ńtì náà, jákujàku ni yóò jáde. Fọ́ńtì TrueType kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac, nítorí náà mo kó wọn wọ inú Font Book, ojú àwọn fáìlì náà sì padà bọ̀ sípò. Síbẹ̀, ojú lásán ni. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ sínú WhatsApp, jákujàku náà ni yóò tún dà. Èyí tí oníbàárà bá tún fẹ́ lò nínú wọn ni à ń fi Find and Replace yí padà sí lẹ́tà gidi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ń bẹ níbi tí wọ́n wà.

Dísíìkì tí mo kó iṣẹ́ àtijọ́ sí jẹ́ NTFS, ọ̀nà ìtò dísíìkì tí í ṣe ti Windows. Mac ń kà á, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan kan sínú rẹ̀, nítorí náà mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo sọ dísíìkì náà di exFAT tí ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́, mo sì dá ẹrù rẹ̀ padà. Fláàṣì àwọn oníbàárà kò fa ìyẹn, exFAT tàbí FAT32 ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ohun mìíràn ni wọ́n fà. Akọ̀wé ìjọ kan gba ìwé ìsìn lọ́dọ̀ wa lórí fláàṣì, ó sì gbé e lọ sí ibi ìtẹ̀wé kan ní Ìtòkú pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pẹ́ tó fi pè mí: “Bọ̀dá, ìwé yín ò ṣí o. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́.” Mo ní kí ó ka orúkọ fáìlì tí wọ́n ń tẹ̀ sí mi létí. Ó kà á: àmì ìdánudúró, ìlà ìsàlẹ̀, kí orúkọ ìwé tó tẹ̀ lé e. Mac máa ń ṣe irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó lórí fláàṣì tí kì í ṣe tirẹ̀, láti fi kó àwọn nǹkan kéékèèké tí fláàṣì náà kò ní àyè fún pamọ́. Mac fúnra rẹ̀ kì í fi í hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí Windows yóò rí méjì, yóò sì ṣí èyí tó kọ́kọ́ bá pàdé. Mo ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí ìwé náà, ó jáde. Láti ìgbà náà, PDF ni mò ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp oníbàárà. Bí ó bá tẹnu mọ́ ọn pé fláàṣì ni òun fẹ́, mo máa ń lo àṣẹ dot_clean nínú Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Mac, láti kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kúrò kí n tó fà á yọ. Ní ti àwọn kòkòrò inú fláàṣì, àwọn tó ń sọ àpò ìwé ènìyàn di ọ̀nà àbùjá asán lórí Windows kò lè ṣe Mac ní nǹkan, nítorí pé .exe kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé Mac kò ní kòkòrò tirẹ̀, a sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan kí a fún ẹlòmíràn láìmọ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò bá mi sọdá. Publisher, ètò tí Microsoft ṣe fún títo ojú ewé, kò sí fún Mac rí, Microsoft sì ti kéde pé òun yóò kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2026, nítorí náà kí n tó yọ Windows kúrò lórí tábìlì, mo sọ gbogbo ìwé ìpè àtijọ́ tí mo fi Publisher ṣe di PDF. CorelDRAW, ètò iṣẹ́ àwòrán, padà sórí Mac ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n ẹ̀dà Windows tí mo ní kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀; Affinity, tí Canva sọ di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2025, ni mo wá fi ń ṣe iṣẹ́ àwòrán. Ti Word àti Excel kò le. Ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú ètò kan tó jẹ́ ti Windows nìkan, prínńtà mi tó dàgbà jù lọ kò sì ní awakọ̀ fún macOS. Boot Camp tí wọ́n fi máa ń gbé Windows sórí Mac tẹ́lẹ̀ kò sí lórí èyí tó ní ọpọlọ Apple, Parallels tó lè gbé Windows ti Arm sì ń gba owó àti RAM. Nítorí náà kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì. N kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Iṣẹ́ ìṣirò àti ti prínńtà yẹn nìkan ni à ń tàn án fún, ní ọjọ́ tí iná ọba bá wà.

Dátà pẹ̀lú. Àtúnṣe macOS lè wúwo tó ọ̀pọ̀ GB lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò máa fà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìbèèrè. Mo pa ìyẹn nínú Software Update, mo sì tan Low Data Mode lórí hotspot fóònù mi. Bí àtúnṣe bá jáde, alẹ́ ni mo máa ń fà á, nígbà tí dátà òru dínwó. Àtúnṣe ààbò nìkan ni n kì í jẹ́ kó pẹ́, nítorí òun ló lé mi kúrò lórí Windows 10.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá wá wo tèmi láìpẹ́ yìí, ó sì béèrè bóyá kí òun ra M4 tuntun, torí pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ owó. Mo béèrè ohun tó ń fi Windows ṣe. Ó ní Word, PDF, àti fáìlì oníbàárà lórí fláàṣì. Mo ní kí ó rà á, ṣùgbọ́n kí ó ra ohun tí a fi ń so USB àtijọ́ mọ́ USB-C pọ̀ mọ́ ọn, nítorí M4 kò ní ihò onígun mẹ́rin kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ tirẹ̀ sì rèé, kò sí oníbàárà tí fláàṣì rẹ̀ jẹ́ USB-C. Ó kéré ju tèmi lọ, sẹ̀ǹtímítà 12.7 ní gígùn àti ìbú, 5 ní gíga. Ó rà á. Ní ọjọ́ tó gbé e délé, ó pè mí pé òun ti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, òun kò rí ibi tí a ti ń tàn án. Mo ní kí ó gbé igun ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀: abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi bọ́tìnì náà sí.